Ẹ Jẹ́ Ká Kọ́kọ́ Kọ́ Bí A Ṣe Ń Ṣubú

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ kú ojú lọ́nà. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, bí mo sì ṣe ń tú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan ni mo ń rí i pé ìbéèrè kan ṣoṣo ló wọ aṣọ oríṣiríṣi: ṣé ọjọ́ orí mi kò tíì kọjá rẹ̀? Eré òkìtì tí wọ́n ń pè ní jímínásíìkì ni wọ́n ń béèrè. Ẹni tó bá ti ń ka ojú ìwé yìí tipẹ́ mọ̀ pé iṣẹ́ mi nìyẹn. Ẹni ọdún 41 ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ tẹ orí fóòmù, ọdún 17 rèé tí n kò tíì kúrò níbẹ̀. Mo mú lẹ́tà mẹ́fà nínú wọn.

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹni ọdún 52 ni mí, ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Láti kékeré ló ti ń wù mí kí n fi ọwọ́ dúró, kí ẹsẹ̀ mi wà lókè, àmọ́ n kò rí ẹni kọ́ mi. Nígbà tí mo sọ fáwọn ọmọ mi pé mo fẹ́ lọ forúkọ sílẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín. Èyí àgbà ní kí n má lọ fi ọrùn dá. Èwo nínú wa ló tọ̀nà?
*Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta*

Ẹ̀yin lẹ tọ̀nà, ìyá. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú sí ọmọ yín, nítorí ìbẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe ti asán. Ohun tó ń rí lọ́kàn ni pé ẹ ó dé ibẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ ó sọ ẹsẹ̀ sókè, ẹ ó sì forí gúnlẹ̀. Kò sí olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tó máa gbà kí ìyẹn ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún èmi.

Ọdún tí mo pé 40, mo ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ yọ̀ mí. Ìgbésẹ̀ méjì péré ló kù kí n délẹ̀. Bí mo ṣe ń lọ ni mo na ọwọ́ ọ̀tún gan láti fi gba ara mi dúró, gbogbo ìwúwo mi sì bọ́ lé ọwọ́ kan ṣoṣo yẹn. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ kí n tó mọ ìrora rẹ̀. Ọrùn-ọwọ́ ti dá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi wà nínú POP. Dókítà tó tọ́jú mi ṣàlàyé pé bí ọ̀pọ̀ ọrùn-ọwọ́ ṣe ń dá nìyẹn: ọwọ́ tí a nà gan, tí a fi pàdé ilẹ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n tú POP náà ni mo sin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ibi tó ti ń kọ́ òkìtì. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì, mo ń wò wọ́n. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà, méje, kò sí ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ náà ju pé wọ́n ń ṣubú. Wọ́n ń ṣubú sẹ́yìn, wọ́n ń ṣubú síwájú, wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, wọ́n ń yí gbìrì, wọ́n ń dìde. Olùkọ́ wọn ń ké pé, “Àgbọ̀n mọ́ àyà! Ẹ̀yìn rogodo! Ọwọ́ má lọ sẹ́yìn!” Ọwọ́ mi tó ti rù wà lórí itan mi, mo sì ń sọ fún ara mi pé ẹ̀kọ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yìí ni ì bá gba ọwọ́ yìí là. Oṣù tó tẹ̀ lé e, tí mo pé 41, ni mo forúkọ sílẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ mi, ìbáà jẹ́ ọmọ ọdún 5 tàbí àgbà ọdún 70, kì í fi ọwọ́ dúró lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ṣíṣubú là ń kọ́. Ẹ ó jókòó sórí fóòmù, ẹ ó ká orúnkún, ẹ ó fi àgbọ̀n mọ́ àyà bí ẹni tó ń wo ìdodo ara rẹ̀, ẹ ó sì jẹ́ kí ẹ̀yìn yín rogodo. Ẹ ó wá sún sẹ́yìn, kí ẹ̀yìn máa kan ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láti ìdí títí dé èjìká, kí orí má kan ilẹ̀ rárá. Apá méjèèjì á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, àtẹ́lẹwọ́ á gbá fóòmù pẹ̀ẹ́. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé ìwúwo tí ì bá bọ́ lé ojú kan ṣoṣo, ẹ ti pín in kárí ara. Ara ọmọdé tètè ń gba ẹ̀kọ́ yìí. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó wọ àwa àgbà lára, nítorí pé ó ti pẹ́ tí a ti fara kan ilẹ̀ kẹ́yìn.

Tí ìyẹn bá ti mọ́ yín lára, a ó lọ sórí fóòmù tó dà gẹ̀rẹ́, níbi tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ń bá èèyàn yí síwájú. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ á tó kàn. Ẹ rò ó wò: láti ìgbà tí ẹ ti fi ìrákò sílẹ̀, ìgbà wo lẹ gbé gbogbo ara lé ọrùn-ọwọ́ yín kẹ́yìn? Nítorí náà, ẹ ó kúnlẹ̀ lórí ọwọ́ àti orúnkún, ẹ ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, ẹ ó máa sún èjìká síwájú sẹ́yìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ohunkóhun mìíràn tó bẹ̀rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni o. Ibí yìí gan-an ni àgbàlagbà ti máa ń kánjú. Ẹran ara tètè ń lágbára; láàárín oṣù méjì, èèyàn á ti máa rò pé òun ti di irin. Okùn iṣan tó so ẹran mọ́ egungun kì í yára bẹ́ẹ̀, oṣù púpọ̀ ló fi ń le. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ni ìpalára máa ń gbà wọlé.

Ògiri ló kẹ́yìn. Ẹ ó kẹ̀yìn sí i, ẹ ó fi ọwọ́ lélẹ̀, ẹ ó sì fi ẹsẹ̀ gùn ún, ìgbésẹ̀ kan, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ìgbésẹ̀ méjì. Kò sí pé à ń sọ ẹsẹ̀ sókè lójijì. Oṣù mẹ́sàn-án ló gbà mí kí n tó lè fi ọwọ́ dúró láìfara ti ògiri, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta ni mo sì lò lókè lọ́jọ́ náà. Ìka mi ń tẹ ilẹ̀, ó ń dẹ̀, ó ń tẹ̀, kí ara má baà fì. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mo sunkún. Ọwọ́ tó dá yẹn náà ló gbé mi.

Nǹkan kan wà tí obìnrin ọjọ́ orí yín gbọ́dọ̀ mọ̀. Nígbà tí nǹkan oṣù bá ń dáwọ́ dúró, ẹ́sítírójìn, èròjà inú ara obìnrin tó ń dáàbò bo egungun, á dínkù, egungun á sì máa yára fúyẹ́. Ẹrù tí a bá gbé lé egungun ló ń sọ fún un pé kó le. Ẹ wo àwọn tó ń gbé nínú gbalasa òfúrufú, níbi tí ara kò ti ní ìwúwo: oṣooṣù ni egungun wọn ń dínkù. Rírìn dára fún egungun ẹsẹ̀, àmọ́ kò dé ọwọ́. Èyí tí ẹ fẹ́ kọ́ yìí dé ọwọ́.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, kí ẹ sì jẹ́ kí dókítà ojú rí yín. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ga tí kò tíì wálẹ̀, tàbí tí ẹ bá ní àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní glọkóómà, ẹ má ṣe dojú dé o, nítorí bí orí bá ti wà nísàlẹ̀, agbára tó ń ti ẹyinjú láti inú á ga sí i. Gbogbo ìyókù eré náà ṣì wà fún yín. Ẹ mú ọmọ yín àgbà dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó wá jókòó sórí bẹ́ńṣì.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 67 ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo ṣubú lọ́dún tó kọjá. Egungun kò dá, àmọ́ ẹ̀rù ti wọ̀ mí lára débi pé mo ń fọwọ́ di ògiri mú rìn nínú ilé ara mi. Ọmọ mi obìnrin ní kí n kọ̀wé sí yín. Eré òkìtì ha jẹ́ ti ẹni tó ń ṣubú?
*Bàbá tó ń di ògiri mú*

Ẹ kú ewu, Bàbá. Ọlọ́run á dá yín sí.

Ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání, kí ó wo ojú yín àti etí yín, kí ó sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín lórí ìjókòó àti lórí ìdúró, nítorí àwọn mìíràn wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń já wálẹ̀ bí wọ́n bá dìde, tí òòyì á sì kọ́ wọn. Bó bá jẹ́ nǹkan bẹ́ẹ̀ ló ń bì yín ṣubú, òkìtì kọ́ ni oògùn rẹ̀.

Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìbẹ̀rù yẹn fúnra rẹ̀ ti ń ṣe yín níbi. Ẹni tó ń bẹ̀rù á dín ìrìn kù. Bí ìrìn bá dínkù, ẹsẹ̀ á rọ. Bí ẹsẹ̀ bá rọ, ìṣubú á pọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré: Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ènìyàn bíi 684,000 ni ìṣubú ń pa lọ́dọọdún, àwọn tó ti lé ní 60 ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Nínú ìlànà tí àjọ náà gbé jáde lọ́dún 2020, wọ́n ní kí ẹni tó ti pé 65 máa ṣe eré tó ń fún ẹsẹ̀ lágbára tó sì ń kọ́ ara bí a ṣe ń dúró láì fì, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Bí mo ṣe ka ìlà yẹn, iṣẹ́ wa ni mo rí níbẹ̀.

N kò ní ní kí ẹ tàkìtì. Ohun tí a ó ṣe rèé. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn obìnrin ń rìn lórí rẹ̀ nínú ìdíje Òlíńpíìkì, sẹ̀ǹtímítà 10 péré ni fífẹ̀ rẹ̀. A ó fi téèpù fa ìlà tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ sórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yín náà, kí ẹ máa rìn lórí rẹ̀, gìgísẹ̀ kan ìka ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan, kí ọwọ́ wà nítòsí ògiri, àmọ́ kó má kàn án. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Brazil, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2022, àwọn 1,702 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 51 sí 75 ni wọ́n ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ kan dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 10. Bíi ẹnì kan nínú márùn-ún ni kò lè ṣe é. Ẹ má jẹ́ kó bà yín nínú jẹ́ bí ẹ kò bá tíì lè ṣe é. Ẹ kọ iye tí ẹ ṣe lónìí sílẹ̀, kí ẹ padà wò ó lẹ́yìn oṣù kan.

Èyí tí mo kà sí pàtàkì jù ni dídìde nílẹ̀. Ẹ ó dùbúlẹ̀ sórí fóòmù, ẹ ó yí sí ẹ̀gbẹ́, ẹ ó fi ọwọ́ ti ara sókè dé orí orúnkún, ẹ ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ẹ ó di àga mú, ẹ ó dìde. Bàbá kan wà lọ́dọ̀ mi, ẹni ọdún 71, tó jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣe èyí láìsí ìrànlọ́wọ́, ṣe ló tún padà dùbúlẹ̀ kó lè tún un ṣe. Ó ní kì í ṣe ìṣubú gan-an ló ń bà òun lẹ́rù tẹ́lẹ̀, bí kò ṣe pé òun á wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀.

Ẹ má sì rò pé ara ọjọ́ orí yín kò lè gbẹ̀kọ́ mọ́. Lọ́dún 1990, àwọn oníwádìí kan ní Amẹ́ríkà kó àwọn arúgbó bíi ẹni 90 ọdún jọ, wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kọ́ wọn bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ gbé ìwúwo, agbára ẹsẹ̀ wọn sì ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀yin kò tíì pé 70.

Ọmọbìnrin mi pé ọdún méje, ó fẹ́ràn òkìtì bí ẹ̀mí. Ìyá mi ní eré yìí kì í jẹ́ kí ọmọ ga, pé kí n wo bí gbogbo wọn ṣe kúrú lórí tẹlifíṣọ̀n. Ṣé òótọ́ ni?
*Bàbá ọmọ*

Ohun tí Màmá rí, òótọ́ ni, àmọ́ ìdí rẹ̀ ló yàtọ̀. Kì í ṣe òkìtì ló sọ wọ́n di kúkúrú. Àwọn kúkúrú ló rọrùn fún láti dé òkè. Ẹ mú ọ̀pá gígùn kan àti èyí kúkúrú, kí ẹ fi ọwọ́ yí wọn lójú afẹ́fẹ́, ẹ ó rí èyí tó tètè yí. Simone Biles, ọmọ Amẹ́ríkà tó lókìkí nínú eré yìí, kò ga ju mítà 1.42 lọ, kíkúrú yẹn sì wà lára ohun tó ń jẹ́ kó yí bí ìjì. Ọmọ tó ń ṣeré lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, gíga tí yóò jogún lọ́dọ̀ yín ni yóò ga.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa ṣọ́ ni ọrùn-ọwọ́ rẹ̀. Ibi tí egungun ọmọdé ti ń dàgbà ṣì rọ̀, bó bá ń sọ pé ọrùn-ọwọ́ ń dun òun lẹ́yìn eré, ẹ má ní kó fara dà á. Kó sinmi, kó rí dókítà. Kí ẹ sì yan ibi tí wọ́n ti gbà kí òbí jókòó wò. Olùkọ́ tó bá ń ti ọmọ mọ́lẹ̀ tipátipá kí itan rẹ̀ lè là, tàbí tó ń sọ̀rọ̀ sí ọmọ nípa sísanra, ẹ mú ọmọ yín kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. N kò sọ èyí lásán. Mo ti rí ọmọ tó fẹ́ràn eré yìí ju oúnjẹ lọ tó sì sá fún un títí láé nítorí ẹnu àgbàlagbà kan.

Ẹni ọdún 24 ni mí. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni mo máa fi mọ òkìtì ẹ̀yìn?
*Mo ń kánjú*

N kò lè fún ọ ní iye ọ̀sẹ̀, àbúrò. Jẹ́ kí n mọ̀ bí o bá ti lè yí sẹ́yìn lórí ilẹ̀ láì fi orí gba ìwúwo, kí o sì fò sókè kí o balẹ̀ láìsí ariwo. Lẹ́yìn ìyẹn ni kóòṣì á fi ọwọ́ gbé ọ yí lórí fóòmù tó nípọn. Má ṣe gbìyànjú rẹ̀ ní ìwọ nìkan nítorí fídíò. Nínú ìdíje Òlíńpíìkì ní Tokyo lọ́dún 2021, Simone Biles, tí kò sí irú rẹ̀, rí i pé ara òun kò mọ ibi tí òun wà lójú afẹ́fẹ́ mọ́, ó sì yọ ara rẹ̀ kúrò nínú èyí tó pọ̀ jù nínú ìdíje rẹ̀ lójú gbogbo ayé.

Ẹni ọdún 38 ni mí, orí àga ni mo ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, mo sì sanra. Ọwọ́ mi kò kan orúnkún dáadáa, ká má tíì sọ ìka ẹsẹ̀. Mo dé ẹnu ọ̀nà ibì kan tí wọ́n ti ń kọ́ni, mo rí i pé ọmọdé ló kún inú rẹ̀, mo padà sílé. Ṣé ojú kò ní tì mí?
*Ẹni tó padà lẹ́nu ọ̀nà*

Ó dùn mí pé ẹ padà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ojú ọmọdé tí a fi ń wo eré yìí ti wá. Nígbà tí Friedrich Ludwig Jahn, olùkọ́ kan ará Jámánì, ṣí pápá ìdárayá rẹ̀ ní Berlin lọ́dún 1811, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti tó ọkùnrin wà lára àwọn tó ń gun irin àti igi níbẹ̀. Àwọn obìnrin pàápàá: ẹni ọdún 31 ni Ágnes Keleti ará Hungary nígbà tó kọ́kọ́ gba wúrà Òlíńpíìkì lọ́dún 1952, ó sì tún gba mẹ́rin sí i ní ẹni ọdún 35. Lọ́dún 1976 ni Nadia Comăneci ará Romania, ọmọ ọdún 14, gba máàkì 10 tó pé pérépéré ní Montreal, ayé sì ti ń rò láti ìgbà náà pé eré ọmọdébìnrin ni. Oksana Chusovitina ará Uzbekistan ṣì ń fò nínú ìdíje Òlíńpíìkì lọ́dún 2021, ẹni ọdún 46 ni.

Mo mọ̀ pé àwọn wọ̀nyí ti ń ṣe é láti kékeré, n kò sì fẹ́ kí ẹ fi ara yín wé wọn. Èyí tó bá yín mu ni àpéjọ tí wọ́n ń pè ní World Gymnaestrada, tó bẹ̀rẹ̀ ní Rotterdam lọ́dún 1953. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, àgbà, ọmọdé, sísanra, títínrín, ni wọ́n jọ ń ṣeré níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń gba ipò kìíní.

Ẹ béèrè bóyá wọ́n ní kíláàsì àgbàlagbà. Ọ̀pọ̀ ibi ló ní in, alẹ́ ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, lẹ́yìn táwọn ọmọdé bá ti lọ sílé. Ẹ wọ aṣọ tí kò ní fún yín. Ìwúwo ara yín ni ẹ ó máa gbé, nítorí náà ìrìn ìrákò nìkan, orúnkún sókè díẹ̀ lórí ilẹ̀, á mú yín làágùn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ní ti ìka ẹsẹ̀ tí ọwọ́ kò kàn, ẹ má fi agbára fà á. Ẹ máa tẹ̀ díẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ máa mí. Ẹni tó bá jókòó láti àárọ̀, iwájú ìbàdí rẹ̀ ti súnkì, ibẹ̀ la ó kọ́kọ́ tú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ sí ẹnu ọ̀nà yẹn.

Ẹ̀yin náà ńkọ́ mà? Lẹ́yìn ọdún 17, kí ló kù tí ẹ ń kọ́?
*Òǹkàwé yín láti ìbẹ̀rẹ̀*

Ó pọ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi báyìí ni gígun irin. Èèyàn á dìrọ̀ mọ́ irin, á fì síwájú, bó bá ṣe ń padà bọ̀ á gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kan irin, á wá fa irin náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan bí ẹni tó ń fa ṣòkòtò wọ̀, títí ìbàdí rẹ̀ á fi wà lókè irin, tí apá rẹ̀ á sì nà. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì lọ. Ọdún kejì mi rèé lórí rẹ̀. Mo ń fi ẹfun pa ọwọ́, awọ àtẹ́lẹwọ́ ń bó, ó ń jinná, mo ń padà lọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, kóòṣì mi, ọmọkùnrin tí kò tíì pé 30, fi ìka méjì péré ti ẹ̀yìn mi, mo sì dé orí irin. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó gbìyànjú ìka kan.